Wọ́n Tà Á Tán, Wọ́n Di Kọ́kọ́rọ́ Mú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má sì ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa, gbogbo yín lẹ mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ìgbàlódé wọ̀nyí ń ṣe lẹ́yìn, ká ní ọmọ ẹni ló ṣe é ni, à bá ti fi gèlè bojú.

Amazon ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí tiẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n lanu tí mi ò lè pa á dé. Oṣù keje ọdún 2009 ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi owó wọn ra ìwé sórí Kindle, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kàwé. Ìgbà tí wọ́n máa fojú kàn án padà, ìwé ti lọ. Olè kò wọlé, ajá kò gbó. Amazon fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ láti òkèèrè, tó yọ ìwé kúrò nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Wọ́n ní ẹni tó gbé ìwé náà wá sọ́jà wọn kò ní àṣẹ láti tà á ní Amẹ́ríkà. Ó dáa, ẹ bá onítọ̀hún jà! Wọ́n ní àwọn ti dá owó padà. Ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá ta adìẹ fún mi, tí ẹ wá rántí lóru pé adìẹ náà kì í ṣe tiyín, ṣé ẹ ó fo ògiri mi wọlé wá gbé e, kẹ́ ẹ sì fi owó sílẹ̀ lórí àgò?

Ṣé ẹ wá mọ ìwé tó jẹ́? Ẹ di ara yín mú. Ìwé George Orwell ni, 1984, pẹ̀lú Animal Farm. 1984 gan-an, ìwé tó dá lórí ìjọba tó ń ṣọ́ aráàlú nínú yàrá wọn, tó sì ń ju ìwé tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí sínú ihò iná! Nínú gbogbo ìwé tó wà láyé. Ṣíọ̀! Bí ìgbà tí èèyàn jí Bíbélì níbi tí wọ́n ti ń ka Òfin Mẹ́wàá lọ́wọ́.

Ọmọ iléèwé girama kan wà ní Michigan tó ti ń kọ àkíyèsí tirẹ̀ sínú 1984 yẹn fún iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un. Ìwé lọ, àkíyèsí wá di ọmọ òrukàn: kò sí ojú ewé tó ń tọ́ka sí mọ́. Ló bá gbé Amazon lọ sílé ẹjọ́. Jeff Bezos tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ nígbà náà jáde wá tọrọ àforíjì, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìwà òmùgọ̀ làwọn hù. Wọ́n fi 150,000 dọ́là parí ẹjọ́, àwọn lọ́yà ló sì gbà á. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní yọ ìwé ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, àfi tí... Ẹ̀yin tèmi, ẹ̀jẹ́ tó ní “àfi tí” nínú, ṣé ẹ̀jẹ́ nìyẹn? Ọwọ́ náà kò kúrú o. Wọ́n kàn ní àwọn á máa kì í bọ àpò ni.

Apple ṣe òdì kejì rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Kò mú nǹkan jáde, ó gbé nǹkan wọlé: àwo orin tuntun U2, àwọn olórin ilẹ̀ Ireland, sínú àkáǹtì iTunes tó tó 500 mílíọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni o! Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé? Ariwo pọ̀ débi pé Apple ní láti ṣe irinṣẹ́ kan tí àwọn èèyàn á fi lé orin náà jáde. Bono tó ń kọrin fún U2 tọrọ àforíjì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí orin ẹni di ohun tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá.

Ìyẹn ṣì jẹ́ eré. Ẹ kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé lọ síta ná. Lóṣù kìíní ọdún 2019, Apple yìí kan náà gbé pátákó ńlá sí Las Vegas pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí iPhone yín, orí iPhone yín ló ń gbé. Oṣù keje ọdún yẹn ni ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú u síta pé àwọn agbaṣẹ́ṣe Apple kan jókòó síbì kan, wọ́n ń gbọ́ ohùn tí Siri, olùrànlọ́wọ́ olóhùn inú iPhone, gbà sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn pẹ̀lú dókítà rẹ̀. Wọ́n gbọ́ àwọn méjì lórí ibùsùn, ó ṣáà ti yé yín. Kò sí ẹni tó pe Siri o! Ó ń ṣi nǹkan gbọ́ ni, ìró síìpù aṣọ pàápàá lè jí i. Síìpù! Tí síìpù bá ti dún, kí ló wá kù tí kò ní gbọ́? Ní ìparí ọdún 2024, Apple gbà láti san 95 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ẹjọ́, wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi nǹkan kan. Aláìjẹ̀bi olówó gọbọi.

Tẹlifíṣọ̀n náà ń ṣe amí. Vizio, iléeṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, lo 11 mílíọ̀nù tẹlifíṣọ̀n láti máa wo ohun tí onílé ń wò, ìṣẹ́jú-àáyá dé ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń tà á fún àwọn onípolówó. Ó san 2.2 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2017. Ẹ pín in: ogún sẹ́ǹtì lórí tẹlifíṣọ̀n kan.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà fi oṣù 38 tú ìdí WhatsApp àti Meta tó ni ín wò. Wọ́n ní ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa láìgba àṣẹ wọn, àti pé ojú tó fi ń wo àwọn ará ibòmíràn kọ́ ló fi ń wò wá. Ẹ rí i? Ó ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ àwọn kan, ó ń já wọlé lọ́dọ̀ wa! Oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹrin ọdún 2025. Kí ni àlejò wa wá ṣe? Dípò kó dọ̀bálẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ pé bóyá òun á kó Facebook àti Instagram òun kúrò nílùú. Ẹ gbọ́ ẹnu! Ẹni tí wọ́n ká mọ́ yàrá onílé, tó ní tí wọ́n bá bínú, òun ò ní wá mọ́.

Mo ti ń fojú sọ́nà láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí i kó di ẹrù kan ṣoṣo.