Pupa ni Ìyàwó Tíṣà Ń Fẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi gbọ́ ná, ẹ má sì pè mí ní olófòófó. Ohun tí gbogbo àdúgbò ti fojú rí kì í ṣe òfófó mọ́.

Tíṣà Àgbà tó ń gbé yàrá iwájú, èyí tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń wá mọ́tò rà. Kì í ṣe Toyota tòkunbọ̀ bíi ti gbogbo ayé o. Ìjàpá ni bàbá yìí ń fẹ́, Volkswagen gan-an, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó ní 1975. Nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣì ń wọ kákí ṣèjọba, wọ́n pọ̀ lójú títì débi pé kò sẹ́ni tó ń yíjú wò wọ́n. Lónìí, bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ ó dúró wò ó. Mẹ́síkò tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn láyé pàápàá ti ṣíwọ́ láti 2003.

Tíṣà wá rí mẹ́ta: pupa kan, yẹ́lò kan, funfun kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní pupa lòun fẹ́, pé mọ́tò pupa ni wọ́n fi gbé òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́.

Ti yẹ́lò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara rẹ̀ le, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí sáún, àmọ́ Ìyá Alákàrà wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, bí ẹ bá ra èyí, ẹ tètè wá kọ̀ńdọ́." Kò parọ́. Yẹ́lò onílà dúdú ni danfo àti takisí Èkó. Kí ẹ tó ṣàlàyé fún èrò Ọ̀jọ́ta pé mọ́tò ara yín ni, ó ti jókòó sẹ́yìn, ó ti ń béèrè ṣéńjì. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó kùn ún ní àwọ̀ ewé kẹ́ ẹ gbé e lọ Àbújá. Takisí ni wọ́n ń fi àwọ̀ ewé kùn níbẹ̀.

Bàbá Onílé, tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ rí láyé rẹ̀, ní kí wọ́n kùn ún ní dúdú, pé dúdú nìkan ni Ford fi ń kun Model T. Tíṣà ò lè gbọ́ àṣìṣe kó dákẹ́. Ó ní láàárín 1914 sí 1925 nìyẹn, pé pupa àti àwọ̀ ewé wà níbẹ̀ ṣáájú, pé ọ̀dà dúdú ìgbà náà ló lágbára tí kò sì wọ́n. Bàbá Onílé ní ìtàn kọ́ lòun béèrè, owó ilé oṣù tó kọjá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí pupa. Ọkùnrin tó ń tà á gbé e dé ojúlé wa, ó ń dán, ọmọdé ń fi ṣe dígí. Ìyàwó Tíṣà ti ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí pánẹ́bítà ẹ̀yìn mọ́sálásí ṣe yọ òòfà kan lápò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fẹ́ńdà, òòfà já bọ́ sílẹ̀. Pọ́tì ni wọ́n fi mọ ibẹ̀, irin ti jẹ tán lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tó wà láàárín fẹ́ńdà àti ara mọ́tò náà pupa bíi ti ara! Ọ̀lẹ ló kun mọ́tò yìí: bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà Ìjàpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ló dé tí o ò tú u? Wọ́n ṣí bútù, tó jẹ́ iwájú ló wà, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń gbé. Búlúù ni inú ibẹ̀. Wọ́n wo pátíkúlà: búlúù. Ìyẹn ni pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá Tíṣà dúró ni yóò ti máa rojọ́, àfi tó bá lọ sí ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì lọ yí i padà. Ni pánẹ́bítà bá gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, níbi tí bátìrì ń wà. A rí ilẹ̀. A tún rí adìẹ Ìyá Alákàrà tó ń kọjá.

Èyí tó kù, funfun tó ti ṣú, tó ní àpá lára ilẹ̀kùn, ni pánẹ́bítà kàn yí ká tó ń mi orí. Fáàsì bọ́dì, wọn ò tíì tún un kùn rí! Nọ́ńbà ọ̀dà rẹ̀, L90D, funfun ni lọ́dọ̀ Volkswagen, pátíkúlà náà ní funfun. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn níbi gbogbo.

Lójú tèmi, ẹni tó bá rí irú mọ́tò báyìí tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, kó má bá àwọ̀ jà. Ọ̀dà wà lọ́jà lójoojúmọ́. Oòrùn wa náà kì í sì í fojúure wo pupa. Kò pẹ́ tí yóò fi ṣá di píńkì, nígbà tí funfun kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò tí kò ní éésì.

Tíṣà san owó funfun. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà, ó kàn lọ ra aṣọ ìjókòó pupa fòò, ó sì yẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá irú rẹ̀, ẹ mú òòfà dání, kí ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè kí ẹ tó béèrè iye. Yẹ́lò yẹn ṣì wà nílẹ̀, bí ẹ bá ti ní kọ̀ńdọ́.