Igbá Ìnàkí, Igbá Òkété

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìnàkí, Òkété àti Ìjàpá akápò Erin ọba, nínú igbó Olúwa níjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Tírélà tó ń ti Èkó gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin kì í sinmi tọ̀sán-tòru, ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn ẹranko kì í fi í ṣófo. Ìnàkí ló ń di abẹ mú. Òkété ń gún abẹ́rẹ́, ó ń wẹ egbò, ó ń da póò nù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Lọ́dún 2009, Erin gbé igbá ẹyìn méjì kalẹ̀ fún owó oṣù. Ti Ìnàkí ń jẹ́ CONMESS, ti Òkété àti àwọn yòókù ń jẹ́ CONHESS. Bí ẹ bá mọ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan tó ń gbowó lórúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ má wojú mi o. Ẹranko ni mò ń sọ. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, wọ́n bu kún igbá Ìnàkí. Òkété yọjú wo tirẹ̀: ibi tó wà náà ló wà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bá Kábíyèsí sọ̀rọ̀.”

Ìnàkí fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Kí wọ́n bu kún tìrẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá bu ún, kí wọ́n bu kún tèmi náà. Àlàfo tó wà láàárín igbá méjèèjì, òun gan-an loyè mi.”

Inú bí Òkété, ó forin sẹ́nu:

Lílé: Ẹyìn kún igbá Ìnàkí
Ègbè: Tèmi dà?
Lílé: Òkété wẹgbò, ó da póò
Ègbè: Tèmi dà?
Lílé: Ìjàpá kọ̀wé, ó tẹ̀ka
Ègbè: Tèmi dà?

Lọ́dún 2018, ọjọ́ 44 ni Òkété àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi yanṣẹ́ lódì. Ìnàkí pàápàá ti ṣe tirẹ̀ rí: ilé ló wà nígbà tí Ebola wọ Èkó lóṣù Keje ọdún 2014. Lára ẹjọ́ rẹ̀ ni pé ta ló fẹ́ máa pe Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kọ̀ǹsọ́táǹtì?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tírélà gbá Ìgalà. Wọ́n gbé e dé, Òkété ò sí níbẹ̀: ó tún ti yanṣẹ́ lódì, ó ń kọrin rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìnàkí wà, ṣùgbọ́n báńdéèjì tí ì bá fi di ẹsẹ̀ Ìgalà ló nà láti igbá kan dé èkejì, ó ń wọn àlàfo. Erin ti wọ bàálù lọ sí London, eyín ń dùn ún.

Ìjàpá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Òun ni alága, Yánníbo aya rẹ̀ ni akọ̀wé. Wọ́n jókòó, wọ́n sún ìjókòó síwájú, wọ́n tún jókòó. Ìgalà tí ara ń ta bá ọlọ́kadà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun ní Ọ̀rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gun igi, tó rí igbá owó ìjókòó ìgbìmọ̀ láti òkè. Ó ju ti Ìnàkí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ké sílẹ̀. Ìnàkí gbọ́, ó ju báńdéèjì nù, ó sáré bá Òkété lójú ọ̀nà, ó sì bá a gbè é: Tèmi dà?