Púlì Kì í Bá Ẹ̀ka Gbé Ẹrù

Mo ti jiyàn lórí fífi okùn gun igi ju bí mo ṣe gùn ún lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí eegun mi fi ṣì pé. Ibi tí mo ti ṣìnà jù nínú àríyànjiyàn ọ̀hún ni ọ̀rọ̀ púlì. Mo gbà tọkàntọkàn pé bí a bá ti so púlì tó ń yí dáadáa mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ara ti tu ẹ̀ka náà nìyẹn. Irọ́ ni. Bí ẹni tó wọn kílò 80 bá rọ̀ sórí okùn tó gba orí ẹ̀ka kọjá, tí ìkángun méjèèjì sì wà lára ìgbànú rẹ̀, ọwọ́ okùn kọ̀ọ̀kan gbé 40, ẹ̀ka gbé 80, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá so ìkángun kan mọ́ ìdí igi, tó wá ń gun èkejì, ọwọ́ tó wà nídìí igi gbọ́dọ̀ fa 80 kó tó lè dá a dúró. Ẹ̀ka tó wà lókè ti ń gbé 160 nìyẹn! Bí okùn bá ń ha èèpo igi, èèpo á gba díẹ̀ nínú ìnira náà; púlì kì í gba nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣàánú ẹ̀ka ló ń dá kún ìyà rẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju pé kí èèyàn mọ ibi tó yẹ kí okùn ti yọ̀, kó sì mọ ibi tó yẹ kó ti dì mú. Ẹ wo èbúté Douala ní Cameroon, létí odò Wouri: okùn tó yí òpó irin ká ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ìyí kan bá jẹ́ kí agbára kílò 1 lọ́wọ́ èèyàn dá kílò 5 dúró, ìyí méjì á dá 25 dúró, mẹ́ta á dá 125. Èyí ni Karl Prusik, ará Austria, lò nínú kókó tó gbé jáde ní 1931: okùn kékeré yí okùn ńlá ká, bí a bá rọra tì í, ó ń rìn, bí a bá rọ̀ mọ́ ọn, ó fún pinpin. Èmi, nínú ọgbọ́n mi, gbà pé bí okùn kékeré náà bá ki tó ti ńlá, ààbò á pọ̀ sí i. Kókó Prusik kò fẹ́ bẹ́ẹ̀: okùn tó tín-ín-rín ju èyí tó yí ká lọ ló ń rí i bù jẹ. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìmọ̀ràn tí mo máa ń gbé kiri pé bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, kéèyàn yára di kókó náà mú. Ọwọ́ tó di kókó mú gan-an ni kò ní jẹ́ kí kókó di okùn mú. Ẹni tó ń já bọ́ á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ tú ohun tó yẹ kó gbà á là, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀rù máa ń kọ́ ọwọ́ láti ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gun igi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ wí.

Wọ́n á ní àwọn akọ̀pẹ ń gun ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí baba Prusik, kò sì sí púlì lọ́rùn wọn. Èmi náà ti pè wọ́n jẹ́rìí rí, láìmọ̀ pé ẹlẹ́rìí alátakò mi ni wọ́n. Igbà gba ẹ̀yìn akọ̀pẹ, ó yí ọ̀pẹ ká. Bó bá fara tì sẹ́yìn, igbà á há mọ́ igi. Bó bá súnmọ́ igi, á dẹ̀, á sì jù ú sókè. Kí ló wá yàtọ̀ sí kókó? Ọ̀pẹ kò lẹ́ka ni. Bí igbà bá dé orí máńgòrò, ẹ̀ka àkọ́kọ́ ló máa dá a dúró. Ẹlòmíràn á tọ́ka sí Francis Hallé, onímọ̀ nípa ewéko, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ bàlúùnù gbé àwọ̀n ńlá lé orí igbó Campo, ní gúúsù Douala, ní 1991. Mo gbà. Ẹni tó bá ní bàlúùnù kó má wulẹ̀ ka èyí.

Àwíjàre tó nípọn ni ti owó. Okùn ọjà kò wọ́n, okùn ìgungi wọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú okùn ọjà, polypropylene ni, tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 165 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Náílọ́ọ̀nù tó máa ń wà nínú okùn ìgungi kọjá 200 kó tó yọ́. Bí èèyàn bá sáré sọ̀kalẹ̀, kókó á máa ha okùn, ooru á sì gbà á. Òjò Douala, tó ń kọjá mítà 3 lọ́dún, tún ń yí ọ̀rọ̀ padà: kókó tó di okùn gbígbẹ mú dáadáa lè máa ṣe ségesège lórí okùn tútù, nítorí náà nítòsí ilẹ̀ ni ká ti dán an wò. Bí owó kò bá tó, okùn ìgungi àti okùn kókó ni ká kọ́kọ́ rà. Púlì kékeré abẹ́ kókó kàn ń bá wa ti kókó sókè ni, kò gbé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dání. Ó lè dúró de oṣù tó ń bọ̀.