Ẹ Bá Mi Bi Onísàláàdì: Ẹyin Dà?

Mi ò bá ìjọba jà lónìí. Mi ò sọ ti epo bẹntiróòlù, mi ò sọ ti iná tí kì í dúró tini. Ìrẹsì tó gbówó lórí, mo ti gba kámú. Ẹjọ́ tí mo mú wá kò ju abọ́ kan lọ: sàláàdì. Sàláàdì tí a fi owó rà ní ṣíṣe, tí a ní kó wá bu iyì kún oúnjẹ tí a sè nílé, òun ló wá kó ẹ̀tẹ́ bá wa lójú àna.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun mọ̀ pé àwa kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ àríyá. Ìlú Àyàn ni wá. Bàtá tí wọ́n ń lù níbí ti dé Jámánì, ó ti dé Amẹ́ríkà. Làmídì Àyánkúnlé, ọmọ Ẹ̀rìn, wà lára àwọn tó gbé e rìn ayé já, débi pé ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Debra Klein, kọ odidi ìwé lórí bàtá ìlú wa, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Bàtá la òkun kọjá, awọ rẹ̀ ò dẹ̀. Ṣùgbọ́n sàláàdì tó kúrò ní Òṣogbo láàárọ̀, tó gba Òkínní, tó gba Ìlobùú, kó tó wọ Ẹ̀rìn ó ti rọ̀ jọwọrọ.

Ní ti oúnjẹ ilé, kò sẹ́ni tó lè yọ ṣùtì sí wa. Bí a bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, a kì í pe alásè. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹ̀wà ti wà nínú omi, tí àwọn obìnrin ilé ti ń bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe ìpanu. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe ọ̀rá. Ìkòkò ìrẹsì á wà lórí iná igi lẹ́yìnkùlé, ìyá àwọn ọmọ mi á máa bú èéfín, èéfín náà á máa gbẹ̀san. Àmàlà wà, gbẹ̀gìrì wà, ewédú wà, ẹran wà nínú ata. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí à ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí sàláàdì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. “Ta ló fẹ́ jókòó rẹ́ kábéèjì fún èrò tó ń bọ̀ yìí?” Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìsọmọlórúkọ kan kù sí dẹ̀dẹ̀ nílé wa, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó ti ń ro àmàlà láti ìdájí, apá wo ló kù tí yóò fi gé kárọ́ọ̀tì wínníwínní? Wọ́n ní ká lọ rà á ní ṣíṣe. Gbogbo ilé ṣe àmín. Màmá wa àgbà nìkan ni kò ṣe é. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ewé tí kò bá tíì fojú kan iná, ewúrẹ́ ló ni ín. A rẹ́rìn-ín, a ní ayé ti lajú.

Nígbà tí kúlà dé, tí a ṣí i, ojú wa dùn. Ẹyin tí wọ́n là sí mẹ́rin-mẹ́rin tò yípo, kùkúḿbà tẹ̀ lé e, kárọ́ọ̀tì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀wà inú agolo fọ́n káàkiri, sàdíìnì dùbúlẹ̀ láàárín bí ọba ìlú. Ọmọ àbúrò mi ti ya fọ́tò rẹ̀, ó ti gbé e sórí WhatsApp kí n tó sọ pé kó ṣe sùúrù. Àfi ìgbà tí a ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Kábéèjì. A wa jìn sí i. Kábéèjì. A kan ìsàlẹ̀, omi funfun kan ló lúgọ síbẹ̀. Gbogbo ẹyin tó wà nínú kúlà náà ni èyí tó ti ya fọ́tò. Àwọn tí a kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún jẹ ẹyin àti ẹja. Àwọn àna mi tí ọkọ̀ wọn pẹ́ lọ́nà jẹ ewé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Mo pe ẹni tó tà á fún wa lórí fóònù.

“Ẹ kú ìnáwó, Dádì. Ẹ ó máa rí ohun rere ṣe.”

“Àmín. Ẹyin dà?”

“Ẹyin wà lókè níbẹ̀, Dádì.”

“Mo rí ti òkè. Ti abẹ́ ni mò ń béèrè.”

“Hà, Dádì! Ẹ ò mọ̀ pé ẹyin ti wọ́n ni?”

Ẹyin ti wọ́n! Ṣé owó tí mo san, òkè kúlà nìkan ni mo fi rà? Bó bá jẹ́ kábéèjì nìkan ni mo fẹ́, ṣebí mo mọ ọ̀nà Sábó ní Òṣogbo. Àwọn tó ń tà á níbẹ̀ á tilẹ̀ fi èènì sí i.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀nà sàláàdì jìn. Òkè Jọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú kábéèjì, létúùsì àti kárọ́ọ̀tì wa ti ń wá, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju 1,000 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ ló sì bá wọn lára mu. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ ti fò sókè. Mo gbà. Èròjà inú agolo àti inú ìgò náà, àṣà òyìnbó ni. Ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ Heinz ti ń ta ẹ̀wà inú agolo ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé kirímù sàláàdì jáde ní 1914. Ìlú tí ènìyàn ti ń wọ ṣúẹ́tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ṣe é fún. Wọn ò ro ti kúlà tó ń làágùn lábẹ́ kánópì ní Ẹ̀rìn nínú oṣù Kejì.

Ṣùgbọ́n èwo ni ti omi? Iyọ̀ àti ohun kíkan tó wà nínú kirímù ló ń fa omi jáde lára kábéèjì. Bó bá ṣe pẹ́ tó lórí ewé ni omi náà á ṣe pọ̀ tó. Onísàláàdì mọ èyí jù mí lọ. Síbẹ̀, ìdájí ló ti pò ó pọ̀, torí ilé olóde mìíràn ṣì wà tó fẹ́ já kúlà sí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní oúnjẹ tó bá lè tètè bàjẹ́, inú òtútù tí kò tó ìwọ̀n 5 lórí Celsius ló yẹ kó wà, wọ́n sì ní kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe kọjá wákàtí méjì níta. Ẹyin síse ńkọ́, ṣé kò jinná ni? Wákàtí méjì! Ní ilẹ̀ Yorùbá! Ìwé ìpè wa ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá yẹn ni àwọn onílù ń lọ wẹ̀. Aago méjìlá ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń wé gèlè. Kí wọ́n tó sọ orúkọ ọmọ tán, kí bàbá tó ń gbàdúrà tó rántí pé ebi ń pa àwọn ènìyàn, oòrùn ti yẹ̀ àtàrí. Sàláàdì tí wọ́n pò ṣáájú kí àkùkọ tó kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà ju ọmọ tí à ń sọ lórúkọ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ onísàláàdì kò sí lára kúlà. Olóde ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Àna mi kan ṣa kábéèjì sẹ́bàá àwo, ó wo ìyàwó mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ irú ẹ kú iṣẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Mọ́ínmọ́ín tó jẹ tán kò rántí yìn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a da èyí tó kù síwájú ewúrẹ́ ilé kejì. Ewúrẹ́ gbóòórùn kirímù, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá wa àgbà wò ó, wọ́n ní, “Mo ní òun ló ni ín. Mi ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbà á.”

Mi ò ní ká má ra sàláàdì. Ilé tó bá se oúnjẹ márùn-ún fúnra rẹ̀ lè ra ìkẹfà láìtijú. Àmọ́, ká mọ bí a ó ṣe rà á. Kí ewé wà lọ́tọ̀, kí kirímù wà nínú ìgò rẹ̀, kí yìnyín wà lábẹ́ ewé. Ẹ jẹ́ ká se ẹyin nílé. Omi àti iná náà ló ń fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti ń bu ìrẹsì ni kí a pò ó, kì í ṣe ṣáájú. Kí a sì ti ṣíbí kan ìsàlẹ̀ kúlà lójú ẹni tó gbé e wá, kí a tó san owó tó kù. Bí kò bá fara mọ́ èyí, kó máa gbé ewé rẹ̀ lọ, a ó fi mọ́ínmọ́ín kún mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀yin onísàláàdì, a ò ní kẹ́ ẹ ta ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹyin bá wọ́n, ẹ sọ iye rẹ̀ fún wa, a ó san án. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀.