Ajá Inú Àwòrán

Wọ́n tún ti gbé àwòrán jáde. Ẹ̀yin náà kúkú ti rí i, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà lórí fóònù yín, ó wà lára pátákó gàgàrà tí wọ́n fi yí ibi tí wọ́n ti wó ilé onílé ká. Ẹ má bi mí pé èwo nínú wọn ni mò ń wí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ilé gogoro funfun tí gíláàsì bò láti òkè délẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè, igi tí wọ́n gbìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti ọ̀sà tí omi rẹ̀ mọ́ débi tí ẹni tí kò mọ Èkó lè fi ife bù ú mu. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àárín ìlú yóò dọ̀tun: níbẹ̀ la ó ti máa gbé, níbẹ̀ la ó ti máa ṣiṣẹ́, níbẹ̀ náà la ó ti máa ṣe fàájì.

Mo jókòó, mo wo àwòrán yìí dáadáa. Mo wá dáńfó, n kò rí. Mo wá kẹ̀kẹ́ Maruwa, kò sí. Wọ́n ní ọjà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò ru nǹkan sórí. Kò sí alábàárù tó ń pariwo "Àgò o!", kò sí ìyá eléwà, kò sí ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá, agbèrò pàápàá kò sí. Òjò ò rọ̀ níbẹ̀ rí, gọ́tà ò sí. Ohun tí mo rí ni obìnrin òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó fi okùn mú ajá dání, tí òun àti ajá náà ń yan lọ ní tiwọn.

Ajá! Ní Ìsàlẹ̀ Èkó!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n dúró lórí ajá yìí díẹ̀, nítorí nínú gbogbo ètò náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kò yé mi jù. Kì í ṣe ajá tiwa. Ajá tiwa mọ títì, ó mọ ìgbà tí dáńfó ń bọ̀, ó mọ ọmọ tó máa ń sọ òkúta, kò sì sẹ́ni tó fi okùn sí i lọ́rùn. Eléyìí sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó jọ pé ó ní dókítà tirẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà tí yóò máa gbà, wọ́n gbin koríko tí yóò máa tẹ̀, wọ́n gbé àga sábẹ́ igi fún un bó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ya àwòrán yìí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ro ti ìgbádùn ajá yìí délẹ̀délẹ̀. Kò rántí ìyá tó ń ta gèlè ní Ìdúmọ̀tà, tí ìyá tó bí i náà ń ta gèlè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ dúpẹ́ pé Èkó ni wọ́n yà á sí. Ká ní Oǹdó ni, wọn ì bá ti fi ẹran rẹ̀ ṣe lókìlì kí ilé náà tó dé òrùlé.

Ẹ bá mi rò ó wò. Oṣù Kejìlá ni, Kérésìmesì ku ọ̀la, obìnrin yìí mú ajá rẹ̀ jáde sí òpópónà Balógun. Ibo ni yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí? Àwa tá a ní méjì péré ò ríbi gbé e sí. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, oníbàtà kan á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá sáìsì ajá, ẹlòmíràn á ti fa ìyá ajá lọ́wọ́ pé, "Àǹtí, ẹ wá wo tèmi, mi ò ní tà á wọ́n fún yín." Tí wọ́n bá dé kọ́nà, àwọn ọmọ àdúgbò á dìde: "Tùálè, bọ̀ọ̀sì ajá! Àwọn ọmọ yín wà níbí o!" Wọn á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Èkó tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa fojú fò?

N kò tíì dé ibi tó ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ kì í kúrò lẹ́nu mi, ẹ óò sì gbọ́ ọ lónìí náà. Bí ajá yẹn bá yàgbẹ́, obìnrin náà ní ọ̀rá lápò tí yóò fi kó o. Ajá ní ẹni tó ń palẹ̀ ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́. Ìyá tó ti wà nídìí ọjà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ńkọ́? Á mú un mọ́ra ni, tàbí kó lọ bẹ ẹni tó ní ilé lẹ́yìn ọjà, kó sanwó, kó tún kí i pé ó ṣeun. Mo ti wo oríṣiríṣi àwòrán ìlú ọ̀tun. Mo ti rí odò àtọwọ́dá, mo ti rí ọ̀nà àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, mo ti rí ibi tí hẹlikọ́pítà ń bà lé lórí òrùlé. N kò tíì rí ṣáláńgá kan tí wọ́n kọ "ti ará ọjà" sí lára.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé Dubai ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n náà bọ̀. Ká máa gbé lókè, ká máa tajà nísàlẹ̀? Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Èkó? Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri, kó tó di pé bàbá bàbá ẹni tó ya àwòrán yìí bọ́ sáyé. Ìdílé Fernandez kọ́ èyí tá a wá mọ̀ sí Ilojo Bar sí Tinúbú ní ọdún 1855, oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1956, wọ́n kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, katapílà wọ ibẹ̀, ilé tó ti lé ní 160 ọdún sì di òkìtì bíríkì. Ìgbà tí Ambode jẹ́ gómìnà ni. Ìjọba Ambode yìí kan náà ló gbé ilẹ̀ Ìlúbìrin tó wà létí ọ̀sà lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá wa kọ́ ilé gbígbé pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ká lè máa gbé, ká máa tajà, lójú kan náà. Ẹ ò rí i? A wó èyí tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, a wá lọ ń fi iyanrìn dí ọ̀sà ká lè kọ́ àfarawé rẹ̀.

Ìlúbìrin yẹn gan-an, ayé gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé níbẹ̀, lábẹ́ ètò tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù yóò fi máa san owó ilé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Ambode tó tẹ̀ lé e yí i padà. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn bá a báyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti afárá Third Mainland sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé mọ ilé tí mò ń sọ, ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń wò wá láìní fèrèsé. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù náà ń wò wọ́n láti inú dáńfó, ó ń lọ sí Ìkòròdú.

Tejúoṣó ńkọ́, ní Yábàá? Iná jó ọjà náà ní oṣù Kejìlá 2007. Nígbà tó fi máa di 2014 tí wọ́n ṣí tuntun, ó ti di ọjà ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ "ìgbàlódé" yìí, ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ di àpò yín mú. Àwọn tí iná jó ọjà wọn gbọ́ iye tí ṣọ́ọ̀bù ń lọ, wọ́n tún jóná lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ kó ọjà sẹ́bàá títì àti ẹ̀gbẹ́ ojú irin, àwọn oníbàárà sì bá wọn níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sókè nítorí àlùbọ́sà?

Àrùn wíwó ilé onílé yìí ti pẹ́ lára wa. Òyìnbó dá àjọ tó ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wá. Ní 1955, òmìnira ti ń sún mọ́lé, ojú ń ti àwọn aláṣẹ pé àlejò yóò wá bá wa nínú ahéré tó gba ara wọn mọ́ra. Àjọ náà dojú kọ éékà bíi 70 láàárín Èkó, wọ́n wó o, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní onílẹ̀ lè padà wá ra ilẹ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n yóò fowó lé èyí tí wọ́n san fún un. Ilẹ̀ rẹ! Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá àwọn tí wọ́n kó kúrò yìí sọ̀rọ̀, ó fi ṣe ìwé ní 1961. Obìnrin tó ń tajà wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ l'Ékòó dé Sùúrùlérè, ilé dára, omi ń yọ, oníbàárà ò sí. Owó ọkọ̀ ń jẹ ìwọ̀nba èrè. Ìdílé fọ́n ká. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé láti 1961, kò sì sí kọmíṣánnà kan tó ṣe bí ẹni tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì. Ìdílé ń gbé inú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Kíláàsì ni àwọn ọmọ wà. Ó tó ènìyàn 20 tó kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Wọ́n sàmì sí i! Ilé tí òfin ní ká má fọwọ́ kàn, katapílà ríbi wọ̀ ní Tinúbú. Ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ikú sí lára, katapílà kò mọ ọ̀nà Ìta Fájì. Kí ló fà á? Ilẹ̀ Tinúbú yóò pa owó, ọmọ tó ń ka A B D kò pa nǹkan kan. Èèyàn tó bá ti mọ èyí, tó wá ń gbé àwòrán koríko àti ìyá ajá síwájú mi, ìtìjú ti kú lójú rẹ̀.

Ẹni bá fẹ́ tún àárín Èkó ṣe, kó lọ yẹ ìpìlẹ̀ àwọn ilé tó ti ń dagun wò, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Kó gbé omi wọ ibẹ̀. Kó kọ ṣáláńgá. Kó sọ fún olówó ilé pé yàrá gbígbé kì í ṣe sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀lì aṣọ sí títí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ yìí kò ní pátákó, kò sì ní rìbọ́nù tí gómìnà yóò gé, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi ní rí i.

Wọ́n ní kí n lọ wo Eko Atlantic létí òkun tí mo bá fẹ́ rí ìlú tó yọrí. Mo ti gbọ́. Bill Clinton wá síbẹ̀ ní 2013. Àwọn Amẹ́ríkà náà ti fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun tí wọ́n ti fẹ́ máa fún wa ní físà lélẹ̀ níbẹ̀ ní 2022, 537 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá lé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìwé kékeré pé físà kò sí, tí wọ́n ní kó máa lọ ilé, á kúkú fẹ́ atẹ́gùn òkun díẹ̀ kó tó wá ọkọ̀ Ọ́bálẹ́ńdé.