Èmi Ẹnjinníà, Windows 98 àti XP

Nígbà tí mo ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, "Ẹnjinníà" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, n kì í sì í dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ mìíràn. Ẹni tó bá bi mí ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín Windows 98 àti Windows XP, àga ni màá kọ́kọ́ fún un, nítorí àlàyé mi kì í tán bọ̀rọ̀. Ara páálí síídì ni mo ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Páswọ̀ọ̀dù ló kọ́kọ́ tú mi láṣìírí. Windows 98 ló wà lórí kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ mi. Mo fi páswọ̀ọ̀dù sí i, mo sì kéde pé kò sí olè tó lè wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí mo fi bá ọmọ alájọgbé mi, tí kò tíì wọ ilé ìwé girama, nídìí rẹ̀, tó ń ta káàdì Solitaire. Mo ní ta ló sọ páswọ̀ọ̀dù fún un. Ó ní, "Bọ̀dá, mo kàn tẹ Cancel ni." Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Windows 98 kò fi páswọ̀ọ̀dù ṣe àgádágodo. Ó fi ń mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni, kí ó lè gbé ètò onítọ̀hún jáde. Windows 2000 àti XP, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìdílé NT, ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ìtìjú yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ XP, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Microsoft ní RAM 64 MB ló kéré jù tó lè gbé e, pé 128 ló dára. 64 ni tèmi. Ẹ rántí pé 16 MB lè gbé Windows 98. XP dé, mo sì lè tan kọ̀ǹpútà kí n lọ ra ẹ̀kọ, kí n padà bá a níbi tó ti ń pòyì. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àṣìṣe inú iṣẹ́ wọn ló ń wá.

N kò lè pa 98 rẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti gbó: dráífà 98 nìkan ló ní, dráífà náà kò sì ṣiṣẹ́ lórí XP. Mo wá fi 98 sórí C, mo fi XP sórí D. Lórí XP ni mo ti ń kọ iṣẹ́, lórí 98 ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ètò tó dára ni. Ẹnjinníà ló bà á jẹ́.

Ẹ bá mi bi NEPA. Iná á lọ lójijì. Bó bá dé, 98 á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ScanDisk yẹ dísìkì wò, oníbàárà á máa wo aago. Mo wá kà pé NTFS, tí XP lè fi to fáìlì, ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, nítorí náà kì í tètè dàrú bíi FAT32, tí C àti D mi ń lò, bí iná bá lọ. Mo ṣí fèrèsé dúdú, mo kọ convert d: /fs:ntfs. Gbogbo ohun tó bi mí, Y ni mo ń tẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó oṣù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Màmá kan dé láti gba ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn, tí yóò wáyé ní ọjọ́ kejì. Mo yan 98, mo tẹ D. Ó ní ẹ̀rọ kò tíì ṣetán. 98 kò lè ka NTFS rárá. Ó ti gba lẹ́tà D, ó sì ti gbé e fún ojú síídì tó ṣófo. Èmi kò mọ̀.

"Màmá, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́."

"Ẹnjinníà, ìyá mi náà ni fáírọ́ọ̀sì jẹ?"

Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ mọ́jú lórí 98. Kó lè yá, mo ṣí ìwé ètò ìgbéyàwó kan tó wà lórí C, mo ń pààrọ̀ orúkọ. Màmá kó tiwọn lọ ní ìdájí. Ọmọṣẹ́ mi dé lẹ́yìn wọn, ó yan XP, ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ Màmá rèé o, níbi tí ẹ fi í sí." Lẹ́tà kan kò sọnù níbẹ̀. XP ń ka FAT32 dáadáa; ká ní mo ti ibẹ̀ da iṣẹ́ náà kọ sórí C ni, 98 ì bá rí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí i pé lẹ́yìn àdúrà ìkẹyìn, "Gígé Kéèkì" ló kàn. Mo dá owó wọn padà, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde, àṣẹ tó ń sọ FAT32 di NTFS wà nínú XP, èyí tó ń dá a padà kò sí níbẹ̀. Àfi kí ẹ kó ẹrù yín jáde, kí ẹ fọ dísìkì náà. Bí 98 àti XP bá máa jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan, ẹ jọ̀wọ́, FAT32 ni kí ẹ fi àwọn méjèèjì sí.