Jíìpù Bàbá Tíṣà Ń Húkọ́

Gbogbo ilé wa ní Ìrẹsà-Adú ló ti mọ àìsàn tó ń ṣe jíìpù Bàbá Tíṣà kí mẹkáníìkì tó débẹ̀. Ẹ má bi mí pé báwo lèmi ṣe mọ̀. Fèrèsé mi ló kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí, mi ò sì lè tìtorí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ti fèrèsé pa nínú irú ooru yìí.

Ìyá Onígaàrí ní epo ayédèrú ni wọ́n rà sí i. Onílé tó kángun sí wa ní gíà ló kọ ẹ́ńjìnnì. Bàbá ọdẹ tó wà lẹ́yìnkùlé ní Ògún ló ń bínú, pé irin àjèjì kì í wọ̀lú kó má gba ajá. Ta ló sì lọ bá sọ ọ́? Bàbá Tíṣà, díákónì Onítẹ̀bọmi! Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn Onítẹ̀bọmi ṣe rinlẹ̀ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ láti 1898. Bàbá wo ọdẹ, wọ́n wo jíìpù, wọ́n ní, "Ẹ kú àdúrótì, ará ilé wa." Ajá Ìyá Onígaàrí tó nà gbalaja síbẹ̀ gbéra ńlẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. N ò rí i títí di alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìdí. Jíìpù yìí, Toyota 4Runner ni, ti 1993. Kì í ṣe ọkọ̀ fáàrí. Oko kájú ni Bàbá fi ń lọ. Bí òjò bá ti rọ̀ tí amọ̀ pupa ọ̀nà oko ti di ọ̀bọ̀rọ́, Bàbá á fa ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa fà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló fa bọ́ọ̀sì ìyàwó ọjọ́sí jáde nínú kòtò, tìyàwó tilẹ̀kẹ̀, tòun ti ìyá ọkọ tó ń pariwo pé gèlè òun. Gèlè yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀, torí àwìn ni wọ́n rà á, ẹni tó sì tà á wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Mo ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Kí ni mo ń sọ bọ̀? Ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá jíìpù náà wá láti ilé, V6 ni, lítà 3.0, tí Toyota ń pè ní 3VZ-E. Àìsàn àbínibí kan wà lára rẹ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀: top gasket rẹ̀ máa ń jó. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, Toyota fúnra wọn ní kí àwọn tó ra irú ọkọ̀ yẹn máa gbé e bọ̀, àwọn á bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrẹsà kì í ṣe Amẹ́ríkà. Nígbà tí ti Bàbá jó, omi rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sìlíńdà, èéfín funfun gba àdúgbò, Ìyá Onígaàrí sì ní kí wọ́n wá sanwó gààrí tó rùn. Bàbá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tún jó. Ni ọmọ wọn tó wà ní Èkó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ra tòkunbọ̀ lítà 3.4, tí wọ́n ń pè ní 5VZ-FE. Ọmọ yẹn ò parọ́. Èyí ni Toyota fi rọ́pò ti àtijọ́, ó máa ń bọ́ sórí gíà ti tẹ́lẹ̀ láìjà, agbára rẹ̀ sì tún jù ú lọ, torí agbára ẹṣin 150 ni ti àkọ́kọ́, èyí jẹ́ 183.

Ládipọ̀ ní Mushin ni wọ́n ti rà á. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó tà á gbé ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó ti rọ́bà epo bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó sì tanná sí i lójú ọmọ Bàbá. Ọmọ yà á sí fídíò, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bàbá fi hàn mí, èmi àti gbogbo ẹni tó bá ti kọjá lójúde: ó ń dún wùúù, kò mì, kò wúkọ́. Wọ́n kó o fún un pẹ̀lú brain box rẹ̀ àti gbogbo wáyà rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó gba Ìbàdàn, ó gba Ọ̀yọ́, ó bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀nà yẹn! Èèyàn tó bá gba ibẹ̀ láàárín àwọn tírélà, tó délé láìjẹ pé egbò wà lára rẹ̀, kó máa dúpẹ́. Ẹ́ńjìnnì délé, kò fọ́ níbì kankan.

Mẹkáníìkì wa nílé yìí gbà á, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tú, wọ́n so. Nígbà tí wọ́n tanná, jíìpù húkọ́ lẹ́nu, ó húkọ́ nídìí. Sàlẹ́ńsà ń yìnbọn. Bàbá ọdẹ sáré wọlé lọ mú ìbọn tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sí slow, gbogbo ara jíìpù á máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á máa fa ẹsẹ̀. Òkè kékeré tó wà lẹ́bàá ilé ìwé, kò lè gùn ún. Òórùn epo bẹntiróòlù tútù sì ń tìdí rẹ̀ jáde. Epo o, ẹ̀yin èèyàn mi! Epo tí jálá rẹ̀ ò tó ₦200 kó tó di 29 May 2023 tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ ti lọ, tó fò dé nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Màmá Tíṣà ní òun ò mọ̀ pé àwọn á dàgbà tán kí àwọn tó máa da owó sínú afẹ́fẹ́.

Mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni. Wọ́n ra púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ó ń húkọ́. Ó ní pọ́ǹpù epo ò gbé epo dáadáa. Wọ́n ra pọ́ǹpù. Ó ń húkọ́. Ó kó gbogbo nozzle lọ fọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn ò burú, ó ní ìdọ̀tí nínú, ṣùgbọ́n ikọ́ ò lọ. Ló bá ní brain box ni, wọ́n tún wá brain box kejì lọ sí Ìbàdàn, owó tí wọ́n ná sí i, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, Màmá lè gbọ́. Ó ń húkọ́. Onílé tó kángun sí wa wá dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú fi brain box ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi o, èmi tí n ò mọ̀ ju kí n wọ ọkọ̀ kí n sanwó lọ, ìbéèrè kan ló ń yọ mí lẹ́nu lójú fèrèsé. Nǹkan tó dún wùúù ní Ládipọ̀, tó wá ń wúkọ́ ní Ìrẹsà, ṣé òun ló yí padà ni, àbí ọwọ́ tó kàn án lójú ọ̀nà? Ta ló béèrè lọ́wọ́ obìnrin?

Nígbà tó yá, mẹkáníìkì ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Bàbá Tíṣà ti bínú. Wọ́n ní ṣé Ìrẹsà ni wọ́n ń fi ṣe abúlé, Ìrẹsà tí Arẹsà rẹ̀ wà lára àwọn ọba ńlá tí Aláàfin ń gbójú lé láyé Ọ̀yọ́ Ilé, tó tún jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè lónìí? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, a pàtẹ́wọ́, àmọ́ jíìpù ò mọ ìtàn. Màmá ló rọra tẹ ọmọ àbúrò wọn láago, pé kó bá àwọn wá ríwáyà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọkùnrin ríwáyà náà dé lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Mo ti gbé àga jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó kí mẹkáníìkì ní "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ sà," kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ fẹ́ gbé e wọlé, kí lẹ tú kúrò lára rẹ̀?" Mẹkáníìkì ní, "Kí la ò tú?" Ó ní kó dárúkọ wọn. Ọmọ iṣẹ́ ló ń dárúkọ wọn, Bàbá Tíṣà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bíi ti kíláàsì.

Rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ìdè rẹ̀ kan ò le. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé ẹ́ńjìnnì yìí ní wáyà tín-ín-rín kan tó máa ń gbóná, tó fi ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Bí afẹ́fẹ́ mìíràn bá yọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, brain box ò ní mọ̀, epo tó máa fún un ò sì ní tó. Ti àtijọ́, ìlẹ̀kùn kékeré ló fi ń wọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí brain box wọn ò fi lè gbọ́ ara wọn. Mo wo onílé tó kángun sí wa. Ó ń wo ojú ọ̀run. Ríwáyà dè é le, slow fara balẹ̀ díẹ̀, ikọ́ ṣì wà.

Ó ní ojúhò scan ńkọ́? Kò sí. Wọ́n wá a títí, ẹ̀yìn rédíò ni wọ́n ti bá a, wọ́n fi téèpù dúdú wé e bí òkú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ra ọjà o! Ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tanná, ó dúró. P0301. P0305. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sìlíńdà 1 àti sìlíńdà 5 ò ṣiṣẹ́. Kò sì gba ẹ̀rọ gbọ́ tán o, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń yọ ìsọ wáyà orí nozzle lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì wà lórí iná. Ó yọ ti 2, dídún rẹ̀ já wálẹ̀, ó dá a padà. 3, ó já. 4, 6, bákan náà. Ó yọ ti 1, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó yọ ti 5, pẹ́nrẹ́n.

Ó wá tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wò ó: sìlíńdà mẹ́fà ni, 1, 3, 5 lápá ọ̀tún, 2, 4, 6 lápá òsì. Kọ́ìlì mẹ́ta péré ló ní, orí 2, 4 àti 6 ni wọ́n jókòó sí. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan á fún sìlíńdà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níná, á sì fi wáyà kan rán iná sódìkejì. Ti 2 gbọ́dọ̀ lọ sí 5. Ti 4 gbọ́dọ̀ lọ sí 1. Ti 6 gbọ́dọ̀ lọ sí 3. Ṣùgbọ́n wáyà 2 sí 5 gùn, ó dábùú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ wò ó, kò dùn ún wò lójú, ó fa ti 2 tọ 1 tó kọjú sí i, ó wá fi ti 4 fún 5. Ó tilẹ̀ fi ìdè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wá dà bí ọjọ́ ìgbéyàwó ìbejì tí wọ́n gbé ìyàwó Táíwò lọ sílé Kẹ́hìndé: iná dé, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Epo tí kò jó ló ń lọ yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà.

Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n pààrọ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú wọn, ibi tí wọ́n ti yọ wáyà náà ni wọ́n ń dá a padà sí, pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ríwáyà pààrọ̀ ẹnu wáyà méjì. Ẹnu wáyà méjì o! Ó tanná. Sàlẹ́ńsà yìnbọn kan ìdágbére, ó dákẹ́. Wùúù, bíi ti fídíò. Bàbá wọlé sí i pẹ̀lú fìlà lórí, wọ́n gun òkè ilé ìwé, wọ́n padà, wọ́n tún gùn ún, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn. Mẹkáníìkì ní òun ti ń bọ̀ lórí wáyà yẹn tẹ́lẹ̀, pé òun fẹ́ fi ọjà yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ ni. Màmá Tíṣà gbọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n bu ìrẹsì fún ríwáyà pẹ̀lú ẹran méjì, wọ́n bu fún ọmọ iṣẹ́ náà, wọ́n wá bi mẹkáníìkì bóyá kò kúkú ti jẹun.

Brain box kejì yẹn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹni tó tà á ní ọjà iná kì í padà. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń wá ti 3.4, ẹ ní kó wá rí mi. Màmá ti ní èmi lòun á fún ní owó alágbàtà, ṣùgbọ́n kí Bàbá má gbọ́ iye tí wọ́n bá tà á.